Ìjọ Lọ́tọ̀, Ìjọba Lọ́tọ̀: Ohun Tí A Rí Kọ́ ní Agbègbè Tchaourou

Ìrìn-àjò tí a rìn lọ sí agbègbè Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni a fẹ́ ròyìn fún yín lójú ewé yìí. Bẹ̀nẹ̀ tí a ń wí kì í ṣe ìlú Bìnì ti ìpínlẹ̀ Ẹdó o. Orílẹ̀-èdè tí ó bá wa pààlà ní ìwọ̀-oòrùn ni, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí Dàhòmì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ara wa, a sì jọ ń jẹ́ ọmọ Odùduwà. Faransé ni ó jọba lé wọn lórí, Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọba lé wa lórí; ohun tí ó fi odi sí àárín wa kò ju èyíinì lọ.

A gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, a sì doríkọ àríwá lójú ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Parakou. Láti Kútọnu dé Tchaourou tó nǹkan bí 350 kìlómítà. Títí tí a fi kọjá Bohicon, èdè Fọ̀n ni etí wa ń gbọ́, ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra omi. Ṣùgbọ́n bí a ti dé Dassa-Zoumé, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ìdàáṣà, ara tù wá, nítorí pé wọ́n fi Yorùbá kí wa káàbọ̀. Ibẹ̀ ni ihò àpáta Màríà Wúndíá wà, tí wọ́n ń pè ní Arigbo, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìjọ láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ àti láti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ti máa ń péjọ ní oṣù August. A yà níbẹ̀, a ka Rósárì, a sì tún gbéra. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n dúró gìrìgìrì bí àgbà tó ń ṣọ́ ilé. A kọjá Kilibo, a kọjá Toui, a sì wọ ilẹ̀ Tchaourou.

Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó sì lọ salalu. Igi ẹ̀mí àti igi igbá ni ó kún inú ìgbẹ́, oko kajú àti oko iṣu ni ó sì wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn obìnrin to iṣu jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà fún títà, wọ́n to èédú sínú àpò, àwọn ọmọkùnrin sì ń ta epo mọ́tò tó wá láti Nàìjíríà nínú ìgò. Tchaourou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ jù ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2013, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 220,000. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìbàrìbá wà níbẹ̀, Fúlàní darandaran náà sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ̀yà ti pọ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀sìn náà pọ̀. Ní kùtùkùtù, ohùn ládàánì ni ó kọ́kọ́ jí wa. Kò pẹ́ tí agogo Ìjọ náà fi dún. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti gbà wá lálejò, bàbá àgbà jẹ́ Mùsùlùmí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, àbúrò ọkọ sì ń lọ sí ìjọ Ajíhìnrere kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí oúnjẹ alẹ́ dé, bàbá ṣe bisimílà, àwa ṣe àmì àgbélébùú, gbogbo wa sì jọ ki ọwọ́ bọ iyán. Kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì ní ìwòkuwò.

A bi bàbá náà pé, nínú gbogbo ẹ̀sìn wọ̀nyí, èwo ni ti ìjọba? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọba kò ní iwájú orí tí yóò fi kanlẹ̀, kò sì ní orúnkún tí yóò fi kúnlẹ̀. Ó ní ènìyàn ni ó ń ṣe ẹ̀sìn. A rò ó títí, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ìlú kékeré yìí náà ni wọ́n ti bí ẹnì kan tó di ààrẹ Bẹ̀nẹ̀, Thomas Boni Yayi, tó ṣe ìjọba láti ọdún 2006 títí di ọdún 2016. Inú ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ó sì di Kristẹni ìjọ Ajíhìnrere nígbà tó dàgbà. Òun ni ó gba Baba Mímọ́ Benedict kẹrìndínlógún lálejò nígbà tí Póòpù náà wá sí Bẹ̀nẹ̀ ní November 2011. Ẹ wò ó: ọmọ Mùsùlùmí tó di ọmọ ìjọ mìíràn, ó ń kí Póòpù káàbọ̀ ní orúkọ gbogbo ará ìlú, títí kan àwọn tó ń bọ Vodun. Kì í ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀ ni ó ń ṣojú fún lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ni ó ń ṣojú fún.

Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe wà nínú òfin wọn. Ìwé òfin ńlá tí Bẹ̀nẹ̀ gbà ní December 1990 sọ ní ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè náà kò ní ẹ̀sìn kan tí í ṣe tirẹ̀. Laïcité ni àwọn Faransé ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ 23 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sin Ọlọ́run bí ọkàn rẹ̀ ti rí, ó sì sọ pé ìjọba kì í ṣe alágbàtọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa ṣètò ilé wọn. Ẹsẹ̀ 14 fi àyè sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́sìn lè dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bí ìjọba bá ti fún wọn láṣẹ tó sì ń bojú tó o. Èyí ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ yan àlùfáà fún wa, àlùfáà náà kò sì gbọdọ̀ yan gómìnà fún ìjọba.

Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1791 ni wọ́n ti fi kún ìwé òfin wọn pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn kan ṣe ẹ̀sìn ìjọba, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti sá kúrò ní ilẹ̀ tí ọba ti ń fi agbára mú ènìyàn wọ ìjọ kan. Ó mú àwa Àgùdà lára níbẹ̀ rí, nítorí pé nígbà tí John F. Kennedy ń du ipò ààrẹ ní ọdún 1960, àwọn kan ń bẹ̀rù pé Póòpù ni yóò máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìjọba. Kennedy lọ bá àwọn pásítọ̀ ní ìlú Houston ní oṣù September ọdún náà, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé òun gbà pé kí Ìjọ wà lọ́tọ̀, kí ìjọba wà lọ́tọ̀, àti pé òun kò ní gba àṣẹ ìṣèjọba lọ́wọ́ àlùfáà kankan. Wọ́n dìbò fún un, ó sì di Kátólíìkì àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà. Òfin tí àwọn kan rò pé ó wà láti lé ẹ̀sìn sẹ́yìn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, nítorí pé òfin náà kò gbà kí a fi ẹ̀sìn dán ẹni tó fẹ́ ṣe ìjọba wò.

Ní Faransé, ìjà ni ó bí tiwọn. Òfin December 1905 ya Ìjọ nípa kúrò lára ìjọba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á. Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ní ọdún 1960, ọ̀rọ̀ Faransé yìí ni ó jogún. Ṣùgbọ́n ìyà ni ó kọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, bí ẹ ó ti gbọ́.

Ní October 1972, ọ̀gágun Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní November 1974, ó kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Ìjọ. Àwa náà mọ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 yẹn, nígbà tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tiwọn kì í ṣe ìdí tiwa. Ẹ jẹ́ kí a fi sọ́kàn pé ìjọba tó bá sọ pé òun kò ní ẹ̀sìn, tó wá ń fi ọwọ́ líle mú àwọn ẹlẹ́sìn, ti sọ àìlẹ́sìn rẹ̀ di ẹ̀sìn, ó sì ti ń fi í múni. Ibi tí ìlà wà nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó tán nínú àpò ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, ìlú sì dàrú. Ní February 1990, wọ́n pe Àpérò Ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Àwọn òṣèlú wà níbẹ̀, ológun wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo náà sì péjú. Ta ni yóò jókòó sí àga alága? Wọn kò fún òṣèlú, wọn kò fún ológun. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, tó jẹ́ igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu nígbà náà, ni wọ́n yàn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi jókòó, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, ìjọba sì yí padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó darí Ìgbìmọ̀ Gíga ti Orílẹ̀-èdè lásìkò tí wọ́n ń tún ilé tò. Nígbà tí ìdìbò dé ní ọdún 1991, kò du ipò ààrẹ. Ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu nígbà náà, ipò olùṣọ́-àgùntàn yẹn ni ó sì wà títí Ọlọ́run fi pè é ní ọdún 1999.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wo èyí dáadáa. Ìdí tí gbogbo ènìyàn fi lè gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ ni pé kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí yóò gbè, kò sì wá àga jókòó. Ká ní Ìjọ ti jókòó ti ìjọba láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, ta ni yóò gbà á gbọ́ ní ọjọ́ ìṣòro? Ọwọ́ tó mọ́ ni wọ́n fi ń pín ẹran fún ẹgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin tí àpérò náà bí kò sì lé Ọlọ́run jáde. Ẹ gbọ́ èyí tí yóò yà yín lẹ́nu. Òfin náà pàṣẹ pé nígbà tí ààrẹ bá ń búra, níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, àti níwájú gbogbo ará ìlú ni kí ó ti búra. Ní April 1996, Kérékou, tí ìdìbò tún gbé padà sórí àga, tó sì ti di Kristẹni, fo ibi tó kan àwọn baba ńlá nígbà tó ń búra. Ilé-ẹjọ́ tó ń bójú tó ìwé òfin ńlá sọ pé ìbúra náà kò dúró, ó sì níláti tún un ṣe ní odidi. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ààrẹ ń gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ṣùgbọ́n àṣà ni, òfin kò fi dandan mú wọn. Ní Bẹ̀nẹ̀ tí kò ní ẹ̀sìn ìjọba, òfin ni ó ní kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́run. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀rí ọkàn Kristẹni lè kọminú sí ọ̀rọ̀ baba ńlá yẹn, àwa náà sì jíròrò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó dá wa lójú ni pé ìwé òfin kì í ṣe ti ẹni tó wà lórí àga nìkan, kò sì lè yọ èyí tí kò wù ú kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìdílé jù lọ ni ìgbéyàwó. Ní Nàìjíríà, ìjọ tí ìjọba bá fún ní ìwé àṣẹ lè so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, kí Mísà tó parí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Ní Bẹ̀nẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mairie, nìkan ni ìgbéyàwó tí òfin mọ̀ ti ń wáyé. Ìyàwó àti ọkọ yóò lọ sí mairie ti Tchaourou, olóyè ìjọba yóò ka òfin fún wọn, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé. Sákráméǹtì sì ni ti ilé Ọlọ́run. Òfin ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004 sọ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin mọ̀ fún ọkọ kan. Inú wa dùn sí i, nítorí pé ohun tí Ìjọ ti ń kọ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe é. Ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ kan náà yẹn ni ó sọ pé bí òfin bá fún ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, tí kò sì fún obìnrin ní irú rẹ̀, kò ka ọkùnrin àti obìnrin sí ọgba. Ìyá kan níbẹ̀ sọ fún wa pé òun fẹ́ràn kí ó rí bẹ́ẹ̀: ìwé mairie ń dáàbò bò òun àti àwọn ọmọ bí ọkọ bá kú, Sákráméǹtì sì ń so ọkàn àwọn pọ̀ nígbà tí ọkọ ṣì wà láàyè.

A kò ní fi ibi tó ti dunni pamọ́ fún yín. Ní October 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ fẹ àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún oyún ṣíṣẹ́. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù lòdì sí i ní gbangba, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sọ̀rọ̀. Òfin náà dúró síbẹ̀. Àwọn kan lè wí pé, kí wá ni èrè ìyàsọ́tọ̀ bí ohùn Ìjọ kò bá mú? Èsì tí a rí ni pé ohùn ni Ìjọ ní, kò ní kùmọ̀. Kò sí ẹni tó pa Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́nu mọ́, kò sì sí ẹni tó sé ilé ìjọsìn. Òfin lè fàyè gba ohun kan, kò fi dandan mú ọmọ Ìjọ láti ṣe é. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìṣòro ń bẹ láàárín wa. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ inú wọn, àwa ni kí á ràn wọ́n lọ́wọ́, kí á má kàn dúró de ọlọ́pàá.

Gẹ́gẹ́ bí àyè ti wà fún wa ni ó wà fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ Kérésìmesì jẹ́ ìsinmi ní Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ Iléyá jẹ́ ìsinmi, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà sì ní ìsinmi tiwọn ní oṣù January, èyí tí òfin ọdún 1997 kọ́kọ́ fi sí ọjọ́ 10. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ìjọ Mímọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà Àpérò Vatican Kejì. Àwọn ìwé tó gbé jáde ní December 1965 sọ pé Ìjọ àti ìjọba jẹ́ òmìnira sí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kan náà ni wọ́n jọ ń sìn, àti pé a kò gbọdọ̀ fi agbára mú ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sìn. Ní October 2016, Vatican àti Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tó sọ ipò Ìjọ lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà. Àwọn tó wà lọ́tọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe àdéhùn. Ẹni méjì tó ti di ọ̀kan kò nílò ìwé.

Ó kù sí ọwọ́ àwa tí a wà ní ilé. Ẹsẹ̀ 10 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ mú ẹ̀sìn kan ṣe ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2006, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù ní ọdún 2007. Nígbà tí ìjọba bá gbé owó fún ti ẹnì kan, ẹnì kejì yóò ní kí ó gbé fún tòun náà, bẹ́ẹ̀ ni ìlara ṣe ń wọ àárín àwọn aládùúgbò. Ọwọ́ tó ń fúnni ní í lékè. Ẹ̀sìn tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ìjọba, ní ọjọ́ tó bá yẹ kí ó bá ìjọba wí, oúnjẹ ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe retí pé ìjọba tàbí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́ ọmọ yín ní Katikísìmù. Àdúrà alẹ́ nínú ilé kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìdìbò bá dé, ẹ má ṣe bi ẹni tó ń wá ipò léèrè pé ìjọ wo ni ó ń lọ. Ẹ bi í pé báwo ni yóò ṣe ná owó ìlú, àti pé ṣé yóò ṣe òdodo sí Mùsùlùmí tó wà ní ìhà kejì ògiri yín gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ṣe sí yín. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí gómìnà Mùsùlùmí fi agbára ìjọba ṣe sí ọmọ yín, ẹ má ṣe fẹ́ kí gómìnà Kátólíìkì fi ṣe sí ọmọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín, kí ó sì bùkún àwọn ará wa ní ilẹ̀ Tchaourou tí wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmín.